Ta Ló Gbẹ́ Ẹ? Ìtàn Àwọn Agbẹ́gilére Òsì àti Odò-Ọwá Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Láàárín àwọn ọdún 1930 sí 1939, iléèwé ìjọba tó wà ní Òmù-Àrán gba olùkọ́ kan tó jẹ́ pé àáké àti ọ̀bẹ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè, ọmọ Kájọlà, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Bámigbóyè Odò-Ọwá. J. D. Clarke, òyìnbó tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ fún ìjọba, ló pè é pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní igi gbígbẹ́. Clarke kọ ìwé kan nípa iléèwé náà, Omu: An African Experiment in Education, tó jáde ní 1937. Ohun tó ń jà fún níbẹ̀ ni pé iléèwé kò gbọdọ̀ sọ ọmọ di àjèjì nínú ilé baba rẹ̀. Kí ọmọ kọ́ oko, kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó sì rí i pé àwọn àgbà ìlú òun náà ní ìmọ̀ tí iléèwé lè fi kọ́ni.

Lónìí, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba láwùjọ nínú ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Africana Studies, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa èèyàn dúdú ní Áfíríkà àti níbikíbi tí ọmọ Áfíríkà bá wà láyé. Àwọn kan ní òfin ni kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní oko ẹrú, àwọn mìíràn ní ìdìbò. Ní tèmi, ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láàárín Òsì àti Ìlọ́fà, nítorí pé ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ hàn gbangba níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi lọ: ta ló ṣe iṣẹ́, orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i, ta ló sì jèrè rẹ̀?

Ilẹ̀ náà wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tó ti bá Ìpínlẹ̀ Èkìtì pààlà. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín in báyìí. Èkìtì ni ọ̀kan, Aráròmí-Ọ̀pín ni olú rẹ̀. Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni èkejì, Ìlọ́fà ni olú tirẹ̀. Òsì wà nínú ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú Ọ̀bọ, Èrúkù, Kóro àti àwọn ìlú Ọ̀pín. Odò-Ọwá, Kájọlà, Ìdọ̀fin àti Ẹ̀kàn-Méje wà nínú ti èkejì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó sì tún gbọ́ tàwọn tó wà lódìkejì ààlà ní Ọ̀tùn, yóò mọ̀ pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Kí ló wá pín wọn? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Nupe àti ti Ìlọrin kò jẹ́ kí agbègbè náà sinmi. Wọ́n kó èèyàn lẹ́rú, ajẹ́lẹ̀ sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú tó kù. Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Nígbà tí òyìnbó wá fa ààlà láàárín ìjọba ti Àríwá àti ti Gúúsù, Ọ̀tùn, Òsì, Odò-Ọwá àti àwọn ìlú tó yí wọn ká bá ara wọn lábẹ́ Ìlọrin. Ní 1936, ìjọba dá Ọ̀tùn padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì yòókù. Wọn kò dá Òsì àti Odò-Ọwá padà. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ àti Action Group gbé ọ̀rọ̀ ààlà yìí dìde, J. S. Ọláwọyin ti Ọ̀fà sì wà lára àwọn tó ké jù. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kékeré, gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ṣe ìròyìn rẹ̀ ní 1958, ààlà kò yẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, wọ́n gbé ilẹ̀ náà wọ inú rẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ìwé àwọn onímọ̀ fi ń pe ìlú kan ní Òsì-Ìlọrin, kí wọ́n má baà ṣì í pè mọ́ Òsì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìlú náà kò béèrè orúkọ yìí. Ààlà ló fún un.

Ní Òsì yìí ni Dàda Aréògún ti ṣiṣẹ́. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1880, ó sì kú ní 1954. Bámgbọ́ṣé, ọ̀gá agbẹ́gilére ní Òsì, tó papò dà ní 1920, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Aréògún gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ ọpọ́n àti agéré Ifá, ó gbẹ́ òpó, ó sì gbẹ́ Ẹpa, ère tí wọ́n ń gbé karí jó lọ́jọ́ ọdún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń pín ojú pákó sí ìlà-ìlà, á wá fi èèyàn kún ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹlẹ́ṣin, ẹni tó gbé ìbọn lé èjìká, obìnrin tó kúnlẹ̀, Èṣù pẹ̀lú irun rẹ̀ gígùn, lẹ́yìn náà ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tó fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ àti Èṣù wà lórí pákó kan náà, kò sì sí èyí tó lé èkejì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba òyìnbó ṣe rí lójú àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí ní 1920, ìwé wà níbẹ̀ fún un láti kà, igi ni wọ́n fi kọ ọ́.

Bámigbóyè ní tirẹ̀ gbé láyé láti nǹkan bí 1885 títí di 1975, ó sì fi bí àádọ́ta ọdún gbẹ́gi. Ẹpa ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ìsàlẹ̀ Ẹpa dà bí ìkòkò ńlá tí wọ́n gbẹ́ ojú sí níwájú àti lẹ́yìn. Inú ìkòkò yìí ni ẹni tó gbé e máa ń ki orí bọ̀, ẹnu ojú tí wọ́n gbẹ́ síwájú náà ló sì fi ń ríran. Ojú ìkòkò kì í ní ẹwà púpọ̀: ihò ojú fẹ̀, ẹnu fẹ̀, wọn kì í fín ọnà sí i lọ títí. Òkè rẹ̀ ni ọ̀gá ti ń dá àrà. Bí ó bá jẹ́ Jagunjagun, ọkùnrin orí ẹṣin ni, tòun ti ọ̀kọ̀, àwọn ọmọ ogun tó yí i ká kò sì ga tó ìbàdí ẹṣin. Bí ó bá jẹ́ Ọlọ́mọyeye, ìyá tó jókòó ni, ọmọ lọ́yàn, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lẹ́bàá orúnkún. Àwọn kan nínú Ẹpa Bámigbóyè wúwo tó pọ́n-ùn 80, ìyẹn bíi kílò 36. Odindi igi kan ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde, wọn kò lẹ ọmọ mọ́ ìyá. Ọjọ́ ọdún, ọkùnrin kan á gbé e karí, á jó, á sì fò gun orí òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá ṣubú, àmì tí kò dára ni fún ìlú lọ́dún náà.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ irú nǹkan yìí ní ètò, ètò náà sì ni ẹ̀kọ́. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ni wọ́n fi ń la igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ á fi yà sọ́tọ̀ ní gbàǹgbà. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí etí, ọwọ́, ọmú àti ìka ti ń jáde láti inú ohun tó ti wà gbọ̀ǹdọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara ère lè jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn: ìlà ojú, irun dídì, ìpéǹpéjú, aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ á pẹ́ nídìí àwọn iṣẹ́ tó ṣáájú kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fi ọ̀bẹ kan ojú ère. Ọ̀pọ̀ ọdún ni. Àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kí òyìnbó tó dé kò tíì jókòó sí àgbàlá Aréògún rí.

Wàyí o, ìlú mọ ẹni tó gbẹ́ Ẹpa. Ìyẹn kò fara sin. Wọ́n ń ki ọ̀gá ní oríkì rẹ̀, wọ́n ń tọ́ka ilé rẹ̀ fún àlejò, ìlú mìíràn á sì fi owó àti iṣu ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn gbẹ́ tiwọn. Bí ère náà bá wá kúrò nílé tán, tó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, orúkọ á dànù lójú ọ̀nà. Wọ́n á kọ ọ́ sára àkọlé pé Yorùbá ló ṣe é, pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Bí àpẹẹrẹ, ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́, dé àfihàn ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà pé kí wọ́n fi àga ìjókòó ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí ilẹ̀kùn náà. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò bá a débẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, ọdún 1938 ló kú, kò sì jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ béèrè.

Mo gbà pé ìwà àìdáa ni èyí, mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú ìwà àìdáa tó jẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère Benin ní 1897, ìbọn ni wọ́n lò, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé olè ni. Nílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, ọ̀pọ̀ Ẹpa ni àwọn onílé fọwọ́ ara wọn tà nígbà tí wọ́n di Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, ebi tàbí owó iléèwé ọmọ ló sún àwọn kan dé ibẹ̀, olè sì jí òmíràn nínú ilé òrìṣà lóru. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Ẹni tó rà á kàn kọ̀ láti béèrè ìbéèrè kan ni, ta ló gbẹ́ ẹ. Bí wọn kò ṣe béèrè yẹn, ọgbọ́n ẹnì kan di àṣà ẹ̀yà lásán, bí ẹni pé igi ló gbẹ́ ara rẹ̀. Òyìnbó tó bá ya àwòrán ní Paris ní orúkọ, ó ní ọjọ́ ìbí, ó ní ìwà àti ìdàgbàsókè. Aréògún di "Yorùbá".

Àwọn kan béèrè o, ó sì yẹ kí a dárúkọ wọn. William Fagg ti British Museum rìn káàkiri Nàìjíríà, ó ń kọ orúkọ àwọn ọ̀gá sílẹ̀. John Picton, tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà, gbé ọ̀rọ̀ Ẹpa àwọn ìlú Ọ̀pín karí. Ẹni tó ṣe jù ni Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA. Òun àti Fadá Seán O'Mahony ló dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Wọ́n wá agbẹ́gilére tó lè gbẹ́ ère fún ìjọ, Òsì sì ni wọ́n ti rí i. George Bándélé ni, ọmọ Aréògún. Bándélé kò kúkú kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀ gan-an, Ọ̀ṣàmúkọ̀ tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ baba rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Màríà àti Jésù pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tí ìdílé rẹ̀ fi gbẹ́ Ọlọ́mọyeye. Ìwé tí Carroll kọ, Yoruba Religious Carving, jáde ní 1967. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa Òsì àti Odò-Ọwá ló ti inú rẹ̀ wá, títí kan orúkọ àwọn ìpele iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ lókè. Àwọn kan bá Carroll wí nígbà náà pé ó ń gba àwọn abọ̀rìṣà láyè nínú ìjọ, àwọn mìíràn sì ní ó ń lo àwọn agbẹ́gilére fún ìjọ òun. Ìwé rẹ̀ wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á kó sì dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀yẹ́ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti wá bá Bándélé, tó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ni òun náà ti wá, síbẹ̀ ó gbà láti tún jókòó lábẹ́ ọmọ Òsì. Làmídì lọ sí Faransé ní 1962, ó dé Amẹ́ríkà, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó: Bámgbọ́ṣé kọ́ Aréògún, Aréògún kọ́ Ọ̀ṣàmúkọ̀, Ọ̀ṣàmúkọ̀ kọ́ Bándélé, Bándélé kọ́ Làmídì, Làmídì kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Láti ìgbà tí Òsì ṣì wà nínú ogun títí di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba digirí nídìí igi gbígbẹ́, okùn náà kò já.

Lódìkejì òkun, ìjà mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ San Francisco State bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó wọ oṣù Kẹta 1969. Wọ́n ní àwọn kò ní wá sí kíláàsì mọ́ bí kò bá sí ẹ̀ka tí yóò kọ́ àwọn ní ìtàn àti ọgbọ́n àwọn baba àwọn. Ní oṣù Kẹrin 1969, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú gba ilé Willard Straight ní Cornell, ọdún yẹn náà sì ni Cornell dá ibùdó Africana Studies sílẹ̀ lábẹ́ James Turner. Òun ló sọ orúkọ Africana di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí yàrá tí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù ṣètò o. Àwọn ọmọ ogún ọdún ló fi ìdúróṣinṣin gbà á, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ fi wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Yale ló kàn wá jù nínú ìtàn yìí. Ní oṣù Karùn-ún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú níbẹ̀ pe ìpàdé ńlá lórí bí yunifásítì ṣe lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èèyàn dúdú. Robert Farris Thompson wà lára àwọn tó sọ̀rọ̀. Òyìnbó ọmọ Texas ni, Yorùbá ló sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé: ó gbọ́ èdè náà, ó ti rin ilẹ̀ Èkìtì, ó ti rí Ẹpa lórí ẹni tó ń jó. Ohun tó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni bí ọnà Áfíríkà ṣe wọ inú ọnà Amẹ́ríkà. Fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ló fi ń kọ́ni ní Yale, títí di ọjọ́ ogbó. Ohun kan tó máa ń ṣe ni pé ó máa ń dárúkọ. Kò ní sọ pé amọ̀kòkò Yorùbá kan; Àbátàn ti Òkè-Ọdán ni yóò sọ, ó sì kọ̀wé lórí obìnrin náà ní 1969. Inú mi dùn sí ti Àbátàn yìí ní pàtàkì, nítorí pé ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí mo ti ń dárúkọ bọ̀. Ọkùnrin ló ń gbẹ́ Ọlọ́mọyeye, ọkùnrin ló sì ń gbé e jó. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, tó sì dé ibi Ẹpa, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ibi tí ìyá ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ wà nínú ọdún tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà gba iṣẹ́ náà. Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, kúrò ní Ifẹ̀ lọ sí Amherst College, níbi tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà àti nínú ẹ̀kọ́ nípa èèyàn dúdú. Òun, Henry Drewal àti John Pemberton ló wà nídìí ìwé Yoruba: Nine Centuries of African Art and Thought ní 1989, Òsì sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé tirẹ̀ tó jáde ní 2014, Yoruba Art and Language, Abíọ́dún takú pé ẹni tí kò gbọ́ oríkì kò lè sọ pé òun rí ère. Pé àwọn agbẹ́gilére wa kò ní orúkọ, kò gbà: ẹni tó kọ àkọlé ni kò gbọ́ èdè. Èrò yìí bá mi lára mu. Ní kíláàsì Africana púpọ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbọ́ jù ni ohun tí wọ́n ṣe sí wa: ẹrú, ìjọba amúnisìn, ìyà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ ká kọ́ ọ. Àmọ́ ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan yóò rò pé ìtàn Áfíríkà kò ju ìtàn ẹni tí wọ́n lù lọ. Gbé ilẹ̀kùn Aréògún síwájú rẹ̀, kó rí i pé ẹni tí wọ́n ń jọba lé lórí ń wo àwọn tó ń jọba náà, ó ń gbé wọn sórí pákó, ó sì ń yan ìlà tí wọ́n máa wà.

Ọmọ Ìlọrin kan náà wà nínú ìtàn yìí. Abdul-Rasheed Na'Allah kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Alberta ní Kánádà, ó sì di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Western Illinois University. Wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995. Ní 1998 Na'Allah ṣe olóòtú ìwé kan lórí ọ̀ràn Ogoni, Ogoni's Agonies, kí ikú náà má baà di ohun ìgbàgbé. Nígbà tí Kwara dá yunifásítì tirẹ̀, KWASU, sílẹ̀ ní Málété ní 2009, òun ni wọ́n fi ṣe gíwá àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń darí irú ẹ̀kọ́ yìí ní Illinois ló wá gbin yunifásítì sí ìpínlẹ̀ tí Òsì wà.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yale ṣí àfihàn kan tí James Green ṣètò. Àkọlé rẹ̀ ni Bámigbóyè: A Master Sculptor of the Yorùbá Tradition. Iṣẹ́ rẹ̀ tó lé ní ọgbọ̀n ni wọ́n kó jọ, àfihàn náà sì wà títí di oṣù Kìíní 2023. Òun ni àfihàn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Bámigbóyè nìkan. Orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú, tòun ti àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà fa ère Benin 29 lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n: àwọn kan gba ohun ìní wọn padà, ẹnì kan gba orúkọ rẹ̀ padà. Kíláàsì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá èyí tí Bámigbóyè gbà tó. Ère rẹ̀ kan ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Detroit. Ní ti èmi, kò tó. Orúkọ lára ògiri kì í san owó iléèwé ọmọ Kájọlà.

Ọmọ Kájọlà yẹn ló jẹ mí lọ́kàn jù. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ń kọ́ bí ẹ̀kọ́ tó dá dúró. Ní 2022, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ìran kan gbáko ló ti kọjá láàárín. Ọmọ tó jókòó ní New Haven, ìlú tí Yale wà, lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ Bámigbóyè àti ọwọ́ Aréògún. Ọmọ tó ń gba iwájú ilé Aréògún kọjá lọ sí iléèwé lè má gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu olùkọ́ títí yóò fi jáde. Clarke òyìnbó ti rí ohun tó yẹ ní 1937, àwa sì jẹ́ kó bọ́.

Ìpayà tún wá kún un. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkóro ti Kóro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n pa ọba, wọ́n sì gbé olorì lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kọlu ìjọ CAC kan ní Èrúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn wọ igbó kí wọ́n tó padà rí wọn gbà, ìjọba sì ti àwọn iléèwé pa láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara. Kò sí bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ fún ọmọ agbègbè yẹn tí a ó fo èyí. Ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ ni kó lè rìn dé iléèwé kó sì padà wálé.

Ìjọba Kwara ti kọ́ ọgbà KWASU mìíràn sí Òsì àti Ilesha-Baruba. Inú mi dùn sí ti Òsì ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ níbẹ̀ kò ṣòro. Kí ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ á ṣe, ì báà jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n wá kọ́, lórí àwọn ọ̀gá agbègbè náà. Kí wọ́n fi ìwé Carroll, ti Abíọ́dún àti ti àfihàn Yale sórí àtẹ ilé ìkàwé. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Odò-Ọwá, Kájọlà, Ìkẹ́rìn-Ọ̀pín àti Ìsàrẹ́-Ọ̀pín pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, kí wọ́n lọ gba oríkì àwọn agbẹ́gilére lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìyá náà sí i. Kí wọ́n to orúkọ Ẹpa tó kù nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, ilé tó ni ín, ẹni tó gbẹ́ ẹ, ọdún tó jó kẹ́yìn, kí olè má baà rí èyí tó kù tà. Bí agbẹ́gilére kan bá wà tó ṣì mọ ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín lójú iṣẹ́, kí wọ́n gbà á bí olùkọ́, kí wọ́n sì sanwó olùkọ́ fún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Bámigbóyè ní Òmù-Àrán.